Yàrá, Wúfà àti Àga: Bí A Ṣe Ń To Béèsì Sinimá Inú Ilé

Ohun tí ó mú kí béèsì ṣòro láti tò nínú ilé ju gbogbo ohùn yòókù lọ ni pé ìgbì rẹ̀ gùn, nígbà púpọ̀ ni ó sì ń gùn ju yàrá tí a ti ń gbọ́ ọ lọ. Gbígbọ̀n afẹ́fẹ́ ni ohùn, iye ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá sì gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni a ń fi òṣùwọ̀n Hertz kà, èyí tí a ń gé kúrú sí Hz. Etí ọ̀dọ́ tí kò ní àléébù a máa gbọ́ láti nǹkan bí 20 Hz títí dé nǹkan bí 20,000 Hz. Apá ìsàlẹ̀ ìwọ̀n yìí, láti 20 Hz títí dé nǹkan bí 120 Hz, ni béèsì tí àwọn tí ó ń lo hóòmù tíátà, ìyẹn sinimá inú ilé, ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ooru inú yàrá bá wà ní 20 dígírì, ohùn a máa rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà ìgbì ohùn 1,000 Hz kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 34 lọ, ìgbì 80 Hz gùn tó mítà 4.3, ti 20 Hz sì gùn tó mítà 17. Ohùn òkè, tí ìgbì rẹ̀ kúrú, ni aṣọ fèrèsé lè gbé mì, tí ẹ̀yìn àga lè dí lọ́nà, tí etí sì tètè ń mọ ibi tí ó ti wá. Ṣùgbọ́n béèsì a máa yí gbogbo ohun tí ó bá wà nínú pálọ̀ ká bí omi odò ṣe ń yí òpó afárá ká, ó di ìgbà tí ó bá kan ògiri kí ó tó padà sẹ́yìn. Ìdí nìyí tí ibi tí a gbé wúfà sí, ìyẹn sípíkà ńlá tí a yà sọ́tọ̀ fún béèsì, àti ibi tí olùgbọ́ jókòó sí, fi ń pinnu ohun tí etí ń gbọ́ ju owó tí a fi ra ẹ̀rọ lọ. Ó ṣeni láàánú pé ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń yí béèsì sókè lórí rìmóòtù níbi tí ó yẹ kí wọ́n ti sún wúfà kúrò ní igun ilé.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ògiri méjì tí ó kọjú síra ni pé ìgbì tí ó ti inú wúfà jáde a kan ògiri kan, a padà, a sì pàdé èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí gígùn yàrá bá jẹ́ ìdajì gígùn ìgbì náà gẹ́lẹ́, àlọ àti àbọ̀ a bára mu, ìgbì náà a sì dà bí èyí tí ó dúró sójú kan: lẹ́bàá ògiri méjèèjì, béèsì a ki, a pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ; ní àárín gbùngbùn yàrá, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nǹkan kan láti gbọ́. Ìgbì adúró ni a lè pe èyí, ìṣirò rẹ̀ kò sì le rárá, nítorí pé ìlọ́po méjì gígùn yàrá ni a ó fi pín 343. Nínú pálọ̀ tí ó gùn ní mítà 5, tí ó fẹ̀ ní mítà 4, tí àjà rẹ̀ sì ga ní mítà 3, ìgbì adúró àkọ́kọ́ a wáyé ní nǹkan bí 34 Hz láti iwájú dé ẹ̀yìn, ní 43 Hz láti ọ̀tún dé òsì, àti ní 57 Hz láti ilẹ̀ dé àjà, lẹ́yìn èyí ni àwọn mìíràn yóò tún jẹ yọ ní ìlọ́po méjì àti ìlọ́po mẹ́ta àwọn iye wọ̀nyí. Okùn tí ó nípọn jù lọ lára gìtá béèsì ń dún ní nǹkan bí 41 Hz. Nínú irú pálọ̀ yìí, ẹni tí ó jókòó lẹ́bàá ògiri ẹ̀gbẹ́ yóò gbọ́ ohùn okùn náà tí ó wú gidigidi, ohùn mìíràn tí ó tẹ̀ lé e lè rì tí a kò ní gbúròó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọwọ́ onígìtá kò yí padà. Wúfà ni àwọn ènìyàn máa ń dá lẹ́bi nígbà náà, tí wọ́n á sì lọ ra òmíràn.

Yàrá tí ìbú àti òòró rẹ̀ dọ́gba ni ó burú jù. Yàrá ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 12 sí 12, tí ó wọ́pọ̀ nínú ilé tí àwọn bíríkìlà ń kọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, jẹ́ nǹkan bíi mítà 3.66 ní ìhà méjèèjì, nítorí náà ìgbì adúró méjì ni yóò bọ́ sórí 47 Hz lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọn yóò sì máa ran ara wọn lọ́wọ́ láti bo gbogbo béèsì yòókù mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ògiri fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀, kò sì yẹ kí a fò ó dá. Púpọ̀ nínú ìmọ̀ràn lórí béèsì ni àwọn ará Amẹ́ríkà kọ, yàrá tí ó sì wà lọ́kàn wọn ni èyí tí a fi igi àti páálí jípúsọ̀mù kọ́, irú ògiri tí ó máa ń mì díẹ̀, tí ó ń gba lára béèsì mọ́ra, tí ó sì ń jẹ́ kí apá kan rẹ̀ gba inú rẹ̀ jáde. Ògiri búlọ́ọ̀kù tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ lójú àti ilẹ̀ kọnkéré tí a lẹ táìsì mọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀: èyí tí ó pọ̀ jù nínú béèsì tí ó bá kàn wọ́n ni wọ́n ń dá padà sínú yàrá, ìgbì adúró inú wọn a sì máa le, a sì máa pẹ́ kí ó tó parẹ́. Kọ́tìnì àti kápẹ́ẹ̀tì kò lè gba ilé lọ́wọ́ èyí. Wọ́n wúlò fún ohùn òkè, wọ́n ń dín ìró táìsì àti gíláàsì kù, ṣùgbọ́n ìdá mẹ́rin ìgbì 40 Hz ju mítà 2 lọ, kò sì sí kọ́tìnì tí ó nípọn tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ilé rẹ̀ jẹ́ búlọ́ọ̀kù kò nílò wúfà tí ó pariwo. Ó nílò wúfà tí a gbé sí ibi tí ó tọ́, tí a sì dín kù sí ìwọ̀n tí yàrá lè gbà.

Àga ni kí a kọ́kọ́ yanjú. Èyí tí a gbé ti ògiri ẹ̀yìn wà ní ibi tí gbogbo ìgbì adúró ti iwájú sí ẹ̀yìn ti ki jù, èyí tí ó sì wà ní àárín yàrá gẹ́lẹ́ wà ní ojú ihò ìgbì àkọ́kọ́, níbi tí béèsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Bí àyè bá wà, kí a fa àga síwájú títí tí orí olùgbọ́ yóò fi jìnnà sí ògiri ẹ̀yìn ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta gígùn yàrá, èyí tí ó jẹ́ mítà 1.7 nínú yàrá oní-mítà 5. Pálọ̀ kékeré lè má gba ìyẹn, pàápàá níbi tí àwọn àlejò ti ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Síbẹ̀, kódà ààbọ̀ mítà láàárín àga àti ògiri a máa mú ìyàtọ̀ tí etí lè gbọ́ wá.

Lẹ́yìn àga ni wúfà, ọ̀nà kan sì wà láti wá ibi tí ó yẹ ẹ́ tí kò ná ẹnikẹ́ni lówó. A ó gbé wúfà sórí àga gan-an, ní ojú ibi tí orí olùgbọ́ máa ń wà, a ó sì fi orin kan tí béèsì rẹ̀ ń lọ sókè sódò láìdáwọ́dúró sí i, èyí tí gìtá béèsì ń rìn nínú rẹ̀, kì í ṣe èyí tí ìlù ẹyọ kan ṣoṣo ń dún gbì-gbì. Ẹni tí ó ń tò ó yóò wá fi ọwọ́ àti eékún rìn lẹ́bàá ògiri, pẹ̀lú etí rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi gíga tí ojú wúfà máa ń wà, yóò dúró díẹ̀ ní gbogbo ibi tí àyè wà fún àpótí, yóò sì máa fetí sílẹ̀. Ní igun, béèsì a rọ́ jáde bí ẹni pé ó fẹ́ wó ògiri, àwọn ohùn kan a sì máa fà lẹ́yìn tí olórin ti kúrò lórí wọn. Bí ó bá sún kúrò níbẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30 tàbí 40, èyí tí ń fà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Ní ibì kan lẹ́bàá ògiri ẹ̀gbẹ́, yóò dé ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan ti dá dúró fúnra rẹ̀, tí kò sí èyí tí ó ga ju èkejì lọ, tí a sì lè ka ìgbésẹ̀ ọwọ́ onígìtá; ibẹ̀ ni kí a gbé wúfà lọ, kí a sì dá àga padà fún olùgbọ́. Ìdí tí èyí fi ń ṣiṣẹ́ ni pé ọ̀nà tí yàrá fi ń gbé ohùn láti àga dé ibi kan nílẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí ó fi ń gbé e láti ibẹ̀ padà sí àga. Ìwà igun náà ní àlàyé: ògiri méjì àti ilẹ̀ ni ó ń ti béèsì síwájú lẹ́ẹ̀kan náà níbẹ̀, nítorí náà ohùn a pọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbì adúró inú yàrá ni igun ń jí.

Ibi kan ṣoṣo kò lè tẹ́ gbogbo ẹni tí ó jókòó lọ́rùn, nítorí pé ihò ìgbì adúró tí ó ṣí níwájú ìyá lè má sí níwájú ọmọ. Ní 2002, Todd Welti, onímọ̀ kan ní ilé-iṣẹ́ Harman ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde nínú èyí tí ó ti fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò oríṣiríṣi ìtò wúfà nínú yàrá onígun mẹ́rin, ó sì rí i pé wúfà méjì tí ó kọjú síra ní àárín ògiri méjì, tàbí mẹ́rin tí a tò sí àárín ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a máa mú kí béèsì dọ́gba láti àga dé àga, àti pé kíkó wúfà jọ ju mẹ́rin lọ kò mú àǹfààní gidi kan wá. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ìdílé tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni pé wúfà kékeré méjì sàn ju ẹyọ kan tí ó tóbi bí àpótí aṣọ lọ.

Ohun tí a ń fi ránṣẹ́ sí wúfà tún jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a là yéni, nítorí pé àṣìlóye pọ̀ lórí rẹ̀. Ní 1974, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Universal gbé fíìmù Earthquake jáde, wọ́n kó sípíkà ńláńlá wọ gbọ̀ngàn sinimá lábẹ́ ètò tí wọ́n pè ní Sensurround, kí àwọn òǹwòran lè mọ ìmìtìtì ilẹ̀ náà lára. Ní 1977, ẹ̀dà Star Wars tí a tẹ̀ sórí fíìmù 70 mm ní ojú ọ̀nà ohùn tí a yà sọ́tọ̀ fún béèsì. Ní 1987, Tomlinson Holman, ẹni tí THX, ètò ìlànà ohùn sinimá, ti ọwọ́ rẹ̀ jáde ní ilé-iṣẹ́ Lucasfilm, ni ó dá orúkọ 5.1 sílẹ̀ fún ojú ọ̀nà ohùn márùn-ún tí ó pé àti ìkẹfà tí ó ń gbé béèsì nìkan. Batman Returns ni ó gbé e wọ gbọ̀ngàn sinimá nípasẹ̀ ètò ohùn Dolby Digital ní 1992, Jurassic Park tẹ̀ lé e pẹ̀lú ètò ohùn DTS ní 1993, nígbà tí DVD sì jáde ní Japan ní 1996, 5.1 rí ọ̀nà wọ pálọ̀ àwọn ènìyàn. Ojú ọ̀nà kẹfà yìí ni àwọn ẹ̀rọ ń pè ní LFE. Kò kọjá 120 Hz, a sì ṣe é kí ó lè dún ju ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan yòókù lọ ní 10 dB. Dẹ́síbẹ̀lì, tí a ń kọ ní dB, ni òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe le tó.

Àṣìlóye náà ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé LFE àti wúfà jẹ́ ohun kan náà. LFE jẹ́ ohùn tí àwọn tí ó ṣe fíìmù kọ sínú rẹ̀, wúfà sì jẹ́ àpótí tí ó wà nínú ilé. Rìsífà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ó ń gba ohùn tí ó sì ń pín in fún àwọn sípíkà, lè fi béèsì ojú ọ̀nà márùn-ún yòókù ránṣẹ́ sí wúfà pẹ̀lú, bí a bá sọ fún un pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Níbí ni ìdáhùn wà fún ẹ̀sùn tí a máa ń gbọ́, pé wúfà ń mi ilé tìtì nígbà tí a bá ń wo fíìmù òyìnbó, ṣùgbọ́n tí ó ń dákẹ́ nígbà tí a bá fi jùjú, fújì tàbí ọ̀pọ̀lọpọ̀ fíìmù Yorùbá sí i. Orin wọ̀nyí àti púpọ̀ nínú fíìmù wọ̀nyí jẹ́ olójú ọ̀nà méjì, ọ̀tún àti òsì. Kò sí LFE nínú wọn rárá. Bí rìsífà bá gbà pé sípíkà iwájú tóbi tó láti gbé gbogbo béèsì, kò ní fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí wúfà, kò sì sí ohun tí ó bàjẹ́ lára ẹ̀rọ náà.

Ibi tí a ti ń pàṣẹ èyí fún rìsífà ni ibi tí a kọ “Small” àti “Large” sí nínú mẹ́nù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kò ní í ṣe pẹ̀lú bí àpótí sípíkà ṣe tóbi tó lójú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbéraga a máa mú kí ẹni tí ó ra sípíkà tí ó ga dé àyà fẹ́ yan “Large”. “Large” ń pàṣẹ pé kí sípíkà náà gbé gbogbo ohùn títí dé 20 Hz, iṣẹ́ tí ó kéré ní iye àwọn sípíkà tí ó lè ṣe é, nítorí pé bí a bá sọ̀kalẹ̀ láti 80 Hz sí 40 Hz láìjẹ́ kí ohùn dín kù, ojú sípíkà gbọ́dọ̀ rìn síwá sẹ́yìn ní ìlọ́po mẹ́rin. “Small” ń pàṣẹ pé kí a gé béèsì kúrò lára rẹ̀ ní ojú ààlà kan, tí mẹ́nù ń pè ní “Crossover”, kí a sì kó ohun tí ó wà nísàlẹ̀ ààlà náà fún wúfà. Nínú ilé tí wúfà bá wà, “Small” ni ó tọ̀nà fún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo sípíkà, 80 Hz tí THX fi lélẹ̀ sì ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé nísàlẹ̀ ibẹ̀, ó ṣòro fún etí láti mọ ibi tí ohùn ti wá, a sì lè gbé wúfà síbi tí yàrá bá fẹ́. Àwọn sípíkà kéékèèké inú hóòmù tíátà alápapọ̀, tí ojú wọn kò ju íǹṣì mẹ́ta lọ, kò lè dé 80 Hz; 120 Hz tàbí 150 Hz ni wọ́n ń béèrè fún. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, wúfà kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí sípíkà iwájú, nítorí pé etí yóò ti mọ ibi tí ó wà.

Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré ni ó ń fara gbá bí a kò bá kíyè sí ààlà yìí. Ìpìlẹ̀ ohùn ọkùnrin tí ń sọ̀rọ̀ sábà máa ń wà láàárín 85 Hz sí 180 Hz, ti obìnrin sì máa ń wà láàárín 165 Hz sí 255 Hz. Ìpìlẹ̀ yìí gan-an ni ó ń lọ sókè sódò nínú èdè Yorùbá, tí àmì ohùn fi ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ sí òmíràn. Bí a bá gbé ààlà dé 150 Hz tàbí 200 Hz, tí wúfà sì wà ní igun ẹ̀yìn, apá kan ohùn bàbá tí ó ń sọ̀rọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n yóò máa ti ẹ̀yìn àga jáde. Ọpọlọ a máa ti ara àwọn ohùn tí ó wà lókè ìpìlẹ̀ náà mọ àmì ohùn, nítorí náà ìtumọ̀ kò ní sọnù pátápátá. Ohun tí yóò sọnù ni bí kọ́ńsónáǹtì ṣe ń dún ketekete, nítorí pé ohùn ìsàlẹ̀ tí ó pọ̀ a máa bo èyí tí ó ga jù ú lọ mọ́lẹ̀ ju bí ohùn òkè ṣe lè bo ti ìsàlẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí a kò bá gbọ́ ohun tí òṣèré ń sọ, yíyí fólúùmù sókè kò ní yanjú rẹ̀, nítorí pé béèsì tí ó ń bò ó yóò pọ̀ sí i pẹ̀lú. Kí a dín wúfà kù, kí a sì gbé sípíkà àárín sókè ní 2 dB tàbí 3 dB. Sípíkà àárín yìí ni ó ń gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Nínú fíìmù olójú ọ̀nà méjì, rìsífà lè yọ ohun tí ó dọ́gba lọ́tùn-ún àti lósì jáde kí ó sì fi ránṣẹ́ sí i, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ yan ètò tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú mẹ́nù. Ibi tí a bá gbé e sí náà ṣe pàtàkì: tí a bá tì í sínú káńbọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n, ohùn ènìyàn yóò máa dún bí ẹni tí ó wà nínú kòkò, nítorí náà kí ojú rẹ̀ yọ dé etí káńbọ́ọ̀dù, kí ó sì dojú kọ etí olùgbọ́.

Ti àwọn sípíkà yòókù kò le tó bẹ́ẹ̀. Ìlànà ITU, àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ orí ẹ̀rọ, ni pé kí ti ọ̀tún àti ti òsì wà ní 30 dígírì sí àárín ní ìhà kọ̀ọ̀kan, kí ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sì wà láàárín 100 sí 120 dígírì, ìyẹn ni pé kí wọ́n bọ́ sẹ́yìn etí díẹ̀. Kí ti iwájú wà ní ìwọ̀n etí ẹni tí ó jókòó. Àwọn tí ó ń kó sípíkà máràrùn-ún sórí káńbọ́ọ̀dù kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti sọ owó ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nù.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti dúró síbi tí ó yẹ, jíjìnnà àti bí ohùn ṣe le tó ni ó kù. Ohùn ń lo nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan láti rin mítà 1, rìsífà sì ń lo jíjìnnà sípíkà kọ̀ọ̀kan sí àga láti dá èyí tí ó sún mọ́ni dúró díẹ̀ kí gbogbo ohùn lè dé lẹ́ẹ̀kan náà. Kí a fi téèpù wọ̀n ọ́n, kí a má fojú díwọ̀n. Lẹ́yìn náà, ohùn ìdánwò tí ó ń dún ṣùùù yóò ti inú sípíkà kọ̀ọ̀kan jáde, a ó sì tò wọ́n títí tí òṣùwọ̀n yóò fi ka iye kan náà, bí àpẹẹrẹ 75 dB, ní ojú àga. Ọ̀pọ̀ fóònù alágbèéká lè ṣe èyí fún àwọn sípíkà kéékèèké, ṣùgbọ́n etí wọn kì í sábà mú dáadáa nísàlẹ̀, kí a má gbára lé wọn fún wúfà. Kí a tún yẹ wáyà wò, pupa sí pupa, dúdú sí dúdú. Bí a bá dorí wáyà sípíkà kan nínú méjì kodò, nígbà tí ọ̀kan bá ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, èkejì yóò máa fà á sẹ́yìn, béèsì yóò sì pa ara rẹ̀ láàárín wọn. Irú ìjà kan náà lè wà láàárín wúfà àti sípíkà iwájú ní ojú ààlà, òun sì ni bọ́tìnnì “Phase” tí ó ní 0 àti 180 wà fún: kí ẹnì kan jókòó sórí àga, kí ẹlòmíràn máa yí i, kí a sì fi í sílẹ̀ síbi tí béèsì bá ti ki jù.

Àwọn rìsífà òde òní a máa bá máìkì kékeré kan wá, wọ́n sì ní ètò tí ó ń ṣe gbogbo ìwọ̀n yìí fúnra rẹ̀, bíi Audyssey tí ó ti ara iṣẹ́ ìwádìí ní Yunifásítì Southern California jáde, Dirac ti àwọn ará Sweden, tàbí YPAO ti Yamaha. Ó dára kí a lò wọ́n, tí a bá gbé máìkì sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta ní ìwọ̀n etí, kì í ṣe lọ́wọ́ tàbí lórí tìmùtìmù àga, tí a sì pa fáànù àti jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí ó bá parí, ó lè sọ pé wúfà tí téèpù fi hàn pé ó wà ní mítà 3 wà ní mítà 4.5. Kí a má ṣe yí i, nítorí pé ẹ̀rọ inú wúfà fúnra rẹ̀ ń dá ohùn dúró kí ó tó jáde, ètò náà sì ti ka ìdádúró yẹn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ “Large” sí iwájú sípíkà kan, kí a yí ìyẹn sí “Small”. Kí a sì mọ̀ pé irú ètò báyìí lè gé orí ìgbì adúró tí ó wú, ṣùgbọ́n kò lè dí ihò, nítorí pé agbára tí a bá dà sínú ihò ni ògiri yóò tún pa. 3 dB kọ̀ọ̀kan tí a bá fi kún un sì ń béèrè ìlọ́po méjì agbára iná láti ọ̀dọ̀ wúfà. Sísún àga tàbí wúfà ni ó ń wo ihò sàn.

Níwọ̀n bí agbára púpọ̀ kò ti lè dí ihò, kò yẹ kí nọ́ńbà wáàtì tí ó wà lára páálí tan ẹnikẹ́ni jẹ. Wáàtì tí a kọ PMPO sí lẹ́yìn kò ní ìlànà tí gbogbo ayé fọwọ́ sí, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kọ èyí tí ó bá wù ú. RMS, ìyẹn agbára tí ẹ̀rọ lè gbé lemọ́lemọ́, ni kí a wò. Kódà, kí ohùn tó lè dún bí ìlọ́po méjì létí, ó sábà máa ń fẹ́ nǹkan bí 10 dB, èyí tí ó jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá wáàtì. Bí wúfà bá sì ń kùn nígbà tí kò sí ohun tí a ń gbọ́, iná ni kí a fura sí: iná 50 Hz ni Nàìjíríà, Benin àti Togo ń lò, bí díkódà, tẹlifíṣọ̀n àti rìsífà bá sì ń gba iná láti ara ògiri ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìkùn 50 Hz àti 100 Hz lè gba ara wáyà wọlé. Kí gbogbo wọn gba iná láti ara ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n kan náà, kí a sì máa yọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí ìkùn náà yóò fi dá. Kí ẹnikẹ́ni má gé ẹsẹ̀ ááàtì kúrò lára púlọ́ọ̀gì, nítorí pé òun ni ó ń gba ẹ̀mí là.

Bí ohun gbogbo bá ti wà ní ìlànà, ó lè ya olùgbọ́ lẹ́nu pé béèsì dà bí èyí tí ó kéré. Harvey Fletcher àti Wilden Munson, ní iléeṣẹ́ ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, ti fi hàn láti 1933 pé etí ènìyàn kì í gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ dáadáa nígbà tí ohùn bá rọlẹ̀. Kí a tó lè gbọ́ 20 Hz rárá, ó gbọ́dọ̀ le ju 70 dB lọ, bẹ́ẹ̀ ni 1,000 Hz kò nílò ju 2 dB tàbí 3 dB lọ. Ìwọ̀n 85 dB ni gbọ̀ngàn sinimá ń gbà gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀pọ̀ ilé ni ó lè fara da irú rẹ̀. Bí a bá dín fólúùmù kù sí ìwọ̀n ilé, béèsì ni ó ń kọ́kọ́ pòórá létí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi 3 dB, tàbí 6 dB ó pọ̀ jù, kún wúfà lẹ́yìn tí ó ti to ohun gbogbo kò ṣẹ̀ sí ìlànà kankan, ó kàn ń san ohun tí etí rẹ̀ jẹ ẹ́ ní gbèsè padà fún ara rẹ̀ ni. Àwọn rìsífà kan ń ṣe èyí fúnra wọn bí fólúùmù bá ti ń lọ sílẹ̀, irú èyí tí Audyssey ń pè ní Dynamic EQ. Ní òru, ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí pé béèsì ni ohùn tí ó kọ́kọ́ ń dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò, tí ó ń gba fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà, tí ó sì ń rìn nínú ilẹ̀ kọnkéré dé yàrá ìsàlẹ̀. Fóòmù tàbí rọ́bà tí ó nípọn lábẹ́ wúfà a máa dín èyí tí ń gba ilẹ̀ kù. Èyí tí ń gba afẹ́fẹ́ kò ní oògùn ju pé kí a dín wúfà kù ní 6 dB lẹ́yìn tí àwọn ará ilé kejì bá ti sùn. Kí a kọ iye tí ó wà lójú mẹ́nù sórí bébà kan kí a tó yí i, kí ọwọ́ lè dá a padà síbẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì.